Ọ̀pá Bàálù Lórí Pákó Géèmù: Ibo Ni Ọwọ́ Yóò Gbé Sinmi?

Láàárín kíbọ́ọ̀dù tí lẹ́tà ti pa rẹ́ lójú rẹ̀ àti wáyà tó lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn, ẹni tó bá fara balẹ̀ tú ẹrù kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lè bá ọ̀pá dúdú kan pàdé, tó dúró lórí ìdí gbàgìdì. Ohun tí ìka ń fà bí ti ìbọn wà níwájú rẹ̀, bọ́tìnì wà lórí rẹ̀, ibi tí àtàǹpàkò yóò sinmi sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Jọ́ísítíìkì bàálù nìyẹn, ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ òfuurufú nínú kọ̀ǹpútà. Pádì PlayStation ni gbogbo ayé ń wá. Ọ̀pá yìí lè wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè iye rẹ̀.

Ká fi Ajíbọ́dẹ ṣe àpẹẹrẹ: ó wà lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akinyẹlé. Abúlé ni tẹ́lẹ̀; lónìí, ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ti gba ojú ilẹ̀ níbẹ̀. Nírú àdúgbò bẹ́ẹ̀, àwọn tó lè sọ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ di ohun ìgbá géèmù kì í jìnnà síra: káfíńtà, wẹ́dà, ẹni tó ń tún fóònù àti rédíò ṣe, àti ọ̀dọ́ tí kọ̀ǹpútà yé dáadáa. Pákó ń bẹ ní Bódìjà. Bí ẹnì kan níbẹ̀ bá sọ pé òun fẹ́ fọwọ́ ara òun kan àpótí géèmù, ìyẹn àpótí ńlá tí bọ́tìnì àti ọ̀pá ìdarí wà lórí pákó rẹ̀, kí òun sì gbé ọ̀pá bàálù sórí pákó náà, kò sọ ohun tó ju agbára lọ.

Ibi tí wàhálà wà ni bí yóò ṣe gbé e. Àwọn tó ń kan irú àpótí bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé ọ̀pá náà lé orí pákó bó ṣe wà. Àwọn kan ní kí wọ́n tú ìdí rẹ̀ palẹ̀, kí èèkù rẹ̀ nìkan yọ jáde láti abẹ́ pákó. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ pátápátá, kí wọ́n ra ọ̀pá kékeré olórí roboto tó wà lára àpótí géèmù gidi. Wáyà àti bọ́tìnì ló sábà máa ń gba ọkàn wọn. Apá ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ apá ló ń pinnu bóyá wọn yóò máa lo ohun tí wọ́n kàn náà tàbí wọn yóò pa á tì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Inú bàálù gan-an ni ọ̀pá yìí ti wá. Nínú bàálù tí Louis Blériot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fò ní 1908, ọ̀pá wà fún ọwọ́, ohun ìdarí mìíràn sì wà fún ẹsẹ̀. Ètò yẹn ni àwọn bàálù tó tẹ̀ lé e mú lò. Ní 1926, C. B. Mirick, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀pá tó ń fi iná mànàmáná rán àṣẹ lọ síbòmíràn, sí ọ̀tún àti òsì, síwájú àti sẹ́yìn. Títí dòní, ohun tí ọ̀pá orí tábìlì ń ṣe kò ju èyí lọ. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ sí, àti ìwọ̀n tó fi tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “ìwọ̀n” yẹn ló ya ọ̀pá bàálù sọ́tọ̀. Bí èèyàn bá tú ìdí ọ̀pá olórí roboto ti àpótí géèmù, súwíìṣì kékeré mẹ́rin ló máa bá níbẹ̀: ti iwájú, ti ẹ̀yìn, ti ọ̀tún, ti òsì. Bí ọ̀pá bá kan ọ̀kan nínú wọn, yóò dún “ká”, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó tẹ̀ ẹ́ tàbí kò tẹ̀ ẹ́. Kò sí díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀.

Kí wọ́n wá yí ọ̀pá bàálù dojú dé lórí aṣọ tó mọ́. Sikúrù máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀, nígbà mìíràn lábẹ́ rọ́bà tó fi ń dúró. Bí wọ́n bá ti ṣí i, sípíríǹgì ńlá lojú yóò kọ́kọ́ rí, òun ló ń dá ọ̀pá padà sí àárín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé rẹ̀ ni ohun roboto méjì wà tí ojú ẹni tó ń tún rédíò ṣe kò lè ṣì, torí pé fólúùmù ni, irú èyí tí à ń yí kí ohùn rédíò lè ròkè tàbí kó lọ sílẹ̀. Ọ̀kan ń ka ọ̀tún àti òsì, èkejì ń ka iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ọ̀pá náà bá jẹ́ irú èyí tó ń yí lọ́rùn, bíi Extreme 3D Pro tí Logitech ń ṣe, ẹ̀kẹta yóò wà fún yíyí náà, ẹ̀kẹrin yóò sì wà fún ohun kékeré tí à ń fà lórí ìdí rẹ̀ láti mú eré bàálù yá tàbí kó falẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, bíi T.16000M ti Thrustmaster, òòfà ni wọ́n fi rọ́pò fólúùmù lára ọ̀pá. Ohun kan kì í fara kan ohun kejì nínú rẹ̀, nítorí náà kì í tètè jẹ.

Ẹni tó bá ti rí inú ọ̀pá méjèèjì báyìí kò ní máa bèèrè èwo ló dára jù mọ́. Géèmù tó fẹ́ gbá ni yóò máa bèèrè.

Pac-Man, tó jáde ní 1980, ọ̀nà mẹ́rin péré ni wọ́n ń gbà rìn nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá fi ọ̀pá bàálù gbá a, yóò fẹ́ yà sí òkè, ọ̀pá yóò sì ti yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, ẹni tó ń sá fún iwin á wá kó sí iwin lẹ́nu. Bákan náà ni Street Fighter II ti 1991: ọwọ́ tó ń já lu ara wọn wàràwàrà kò ní ráyè dúró de sípíríǹgì gígùn kó padà sí àárín. Àmọ́ àwọn géèmù kan wà tó jẹ́ pé ọ̀pá bàálù ni wọ́n bí wọn mọ́. Àpótí Zaxxon ti Sega ní 1982 ní èèkù bíi ti bàálù, ohun tí ìka ń fà sì wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé súwíìṣì lásán ló wà nínú rẹ̀. Tron, ọdún kan náà, lo irú èèkù bẹ́ẹ̀. After Burner, tí Sega ṣe ní 1987, lo ọ̀pá tó ń ka ìwọ̀n lóòótọ́, àpótí ńlá rẹ̀ sì ń fì tòun ti ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀pá súwíìṣì mẹ́rin gbá After Burner kò tíì gbá a. Bàálù rẹ̀ yóò kàn máa ta gìrì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, bí ìgbà tí ẹni tí kò mọ mọ́tò wà bá di sítíárì mú.

Kíkan àpótí géèmù nílé kò tíì di ohun tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tó wọ́pọ̀ ni ilé géèmù: tẹlifíṣọ̀n, PlayStation, pádì méjì, jẹnẹrétọ̀ níta, àwọn ọmọkùnrin tó jókòó sórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ń retí ìgbà tó máa kàn wọ́n láti gbá bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ. Ohun ìṣeré ńláńlá, ọgbà ìgbafẹ́ bíi Transwonderland ní Ìbàdàn ni à ń lọ bá a. Síbẹ̀ ilé géèmù ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kan tó wúlò gan-an níbí. Pádì tí ọwọ́ ogún ènìyàn ń gbá lójúmọ́ kì í pẹ́ kú. Àwọn tó ń tún un ṣe ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i láìfọ́, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ fólúùmù kékeré inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi òjé jó wáyà tó fẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ọ̀pá bàálù kò ní ohunkóhun nínú tó le ju ti pádì lọ. Ó tilẹ̀ rọrùn jù, torí pé àyè pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn tó bá rò pé iṣẹ́ ọwọ́ nílé kò lè bí ohun gidi yẹ kí wọ́n gbọ́ nípa Jerry Lawson, onímọ̀ ẹ̀rọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Inú gáréèjì ilé rẹ̀ ló ti kan àpótí géèmù tó pè ní Demolition Derby ní àárín àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn náà ló ṣáájú àwọn tó ṣe Channel F fún ilé iṣẹ́ Fairchild ní 1976, ẹ̀rọ géèmù ilé àkọ́kọ́ tó ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà nínú, tí wọ́n sì ń ki géèmù bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò. Ọ̀pá ìdarí ẹ̀rọ náà kò ní ìdí tó ń jókòó sórí tábìlì rárá: inú àtẹ́lẹwọ́ kan ni wọ́n ń dì í mú sí, ọwọ́ kejì ń yí orí rẹ̀.

Ká wá padà sórí pákó.

Ọ̀nà àkọ́kọ́, ìyẹn gbígbé ọ̀pá sórí pákó bó ṣe wà, ló yá jù, òun ló sì burú jù. Orí ọ̀pá olórí roboto kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 6 tàbí 7 lọ sójú pákó. Ọ̀pá bàálù tòun ti ìdí rẹ̀ lè lé ní sẹ̀ǹtímítà 20. Pákó àpótí géèmù tí à ń dúró gbá sábà máa ń ga tó nǹkan bí mítà kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi ọ̀pá tó ga tó yẹn kún un, ọwọ́ á gòkè dé ìbú àyà, ìgbọ̀nwọ́ á fò sókè, èjìká á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tó ń gbá a kí eré tó dé àárín. Ohun mìíràn ni pé rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní í dì í mú. Ẹni tí ọ̀tá ń lé nínú géèmù kì í fẹ̀sọ̀ fa ọ̀pá. Ìdí yóò gbé ẹsẹ̀ kan sókè, gbogbo rẹ̀ á sì tẹ̀.

Ọ̀nà kejì, títú ìdí rẹ̀ palẹ̀ kí oríkèé lè wà lábẹ́ pákó, lẹ́wà púpọ̀ bó bá bọ́ sí i. Ojú pákó á mọ́, èèkù nìkan ló máa yọ. Àmọ́ ìṣirò wà níbẹ̀ tí káfíńtà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gbé ayùn. Ká ní ọ̀pá ń tẹ̀ ní ìwọ̀n digírì 20 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Bí oríkèé rẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìn sí ojú pákó, ọ̀pá yóò rìn tó mìlímítà 18 sí ọ̀tún àti mìlímítà 18 sí òsì, nítorí náà ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7 yóò gbà á. Bó bá tún ń lọ sí igun, ihò yóò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Bí oríkèé bá jìn dé sẹ̀ǹtímítà 10, ihò roboto tí yóò gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 14, ìyẹn ihò tí ọwọ́ ọmọdé á kó sí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí oríkèé sún mọ́ abẹ́ pákó bó bá ti lè ṣeé ṣe tó.

Ihò náà kò gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò. Eruku ọyẹ́, èérún búrẹ́dì àti omi máa wọ ibẹ̀. Ohun tó bá a mu jù lọ wà ní ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Agodi Gate: awọ rírọ̀ tó ń bo ìdí ọ̀pá gíà mọ́tò tòkunbọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ọ̀pá tó ń tẹ̀ síwájú sẹ́yìn látinú ihò. Bí kò bá sí, túbù ọ̀kadà tí wọ́n gé roboto lè ṣe é.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, èyí tó dára jù fún ẹni tó ń ṣe é fúngbà àkọ́kọ́: kí wọ́n rì í. Wọn kò ní tú ìdí ọ̀pá náà palẹ̀, wọn kò sì ní gbé e sórí pákó. Wọ́n á gé ojú pákó ní àwòrán ìdí rẹ̀, kí ìdí náà wọlé títí orí rẹ̀ á fi tẹ́ pẹ̀lú ojú pákó bí ọmọrí ìkòkò. Pákó pẹlẹbẹ kejì ni yóò gbé e ró lábẹ́. Lọ́nà yìí, gíga ọ̀pá ti lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, bọ́tìnì àti ohun fífà orí ìdí rẹ̀ ṣì wà níbi tí ìka lè dé, kò sì sí wáyà kan tí wọ́n fọwọ́ kàn.

Iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n á gbé ọ̀pá sórí páálí, wọ́n á fi báírò yí ìdí rẹ̀ ká, wọ́n á gé páálí náà, wọ́n á sì gbé e wò léraléra títí yóò fi bọ́ sí i láìfún, láìsí àlàfo. Ìdí ọ̀pá kì í sábà jẹ́ roboto gbáà, ó máa ń ní ìtẹ̀kọ́ròkọ́rò tí ojú kò ní í rí àfi bí páálí bá kọ̀ ọ́. Páálí tó bá gbà ni wọ́n á fi sàmì sórí pákó. Wọ́n á dá ihò sí àwọn igun, wọ́n á ti ayùn ẹlẹ́nu ṣóṣóró bọ̀ ọ́, wọ́n á gé e díẹ̀ sínú ilà, wọ́n á wá fi fáìlì rà á dé ojú ilà. Láti dè é, ọgbọ́n kan wà tí kò ní ba ọ̀pá náà jẹ́: wọ́n á yọ sikúrù tó wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á gbé pákó pẹlẹbẹ náà sí i, wọ́n á wá fi sikúrù tó nípọn bákan náà ṣùgbọ́n tó fi ìwọ̀n pákó yẹn gùn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gún inú.

Irú pákó náà tún ṣe pàtàkì. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, àmọ́ ó rọ̀, sikúrù tí wọ́n ń tú tí wọ́n ń dì kì í pẹ́ yọ̀ nínú rẹ̀. Afárá le jù ú lọ. Ṣùgbọ́n pákó gidi tí kò tíì gbẹ dáadáa yóò ká bí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, ihò tó fún un dáadáa ní oṣù kẹjọ á sì di ohun mìíràn ní oṣù kìíní. Pílíwúùdù mìlímítà 18 kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n ti lẹ awẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní ìdábùú ara wọn. Ìṣòro kan ṣoṣo tó ní ni pé àwọn bọ́tìnì Japan kan, tí ihò wọn jẹ́ mìlímítà 30, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ṣe wọ́n fún, etí wọn kò lè di pákó tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ mú. Bọ́tìnì oní-nọ́ọ̀tì ni kí wọ́n rà.

Ní ti wáyà, ọ̀pá tó bá ní USB kò ní wàhálà; kọ̀ǹpútà á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ní ẹnu gbàǹgbà eléyín 15 ni ti àtijọ́. IBM gbé irú ẹnu yẹn jáde ní 1981, kọ̀ǹpútà òde òní kò sì ní ibi tí wọ́n á kì í bọ̀ mọ́. Kò yẹ kí wọ́n tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ nù. Fólúùmù inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, a sì lè fa wáyà rẹ̀ lọ sórí Arduino Leonardo, pátákó kékeré tó lè pe ara rẹ̀ ní jọ́ísítíìkì fún kọ̀ǹpútà, tó sì ń pín ìrìn ọ̀pá sí ìwọ̀n 1,024, láti 0 dé 1,023. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe á jó wáyà mẹ́ta mọ́ fólúùmù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà á kọ ìyókù.

Bí ọ̀pá bá ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, tí bàálù inú géèmù ń mì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, eruku ló sábà máa ń fà á, ohun kan náà tó ń mú fólúùmù rédíò kẹ̀ kìrìkìrì. Ibi tó ń kàn yẹn ni kí wọ́n fọ̀. Nínú MAME, ètò tí Nicola Salmoria kọ́kọ́ gbé jáde ní 1997 láti fi máa gbá géèmù àpótí àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà, a tún lè sọ fún un pé kó má ka ìyẹ̀ díẹ̀ tó wà láàárín sí. Géèmù inú rẹ̀ ní olóhun, kì í ṣe gbogbo wọn ni a lè kàn gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ti FlightGear, ètò tí à ń fi wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, bí a ṣe ń wa bàálù gidi ni à ń kọ́ nínú rẹ̀, ọmọ tó bá sì ń rí bàálù tó ń balẹ̀ ní Alákíà, ní pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn, lè jókòó sí Ajíbọ́dẹ kó máa gbìyànjú bí òun náà yóò ṣe gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pá yìí ti kúrò ní ohun ìṣeré lásán, ibẹ̀ ló sì yẹ kí àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní físíìsì yà sí wò ó.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn káfíńtà kì í bèèrè: ọwọ́ wo? Ọ̀pọ̀ ọ̀pá bàálù ni wọ́n gbẹ́ èèkù rẹ̀ fún ọwọ́ ọ̀tún. Bí wọ́n bá rì í sí apá ọ̀tún pákó, tí bọ́tìnì wà ní òsì, ọlọ́wọ́ òsì kò ní ibi kankan láti dúró sí. T.16000M ṣeé lò fún ọwọ́ méjèèjì, torí bẹ́ẹ̀ àárín ló yẹ irú rẹ̀, kí bọ́tìnì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Fún àwọn yòókù, àbá tó mọ́gbọ́n dání jù ni kí wọ́n má kan pákó náà mọ́ àpótí rárá. Kí wẹ́dà jó irin onígun sí etí àpótí, kí pákó jókòó lé e, kí nọ́ọ̀tì elétí méjì, irú èyí tí ọwọ́ lásán lè tú, dì í mú látìsàlẹ̀. Pákó kan á wà tí ọ̀pá bàálù rì sí fún After Burner àti FlightGear, òmíràn á wà tó ní ọ̀pá olórí roboto fún Pac-Man àti géèmù ìjà. Ìṣẹ́jú méjì tó láti pààrọ̀ wọn. Wáyà USB ọ̀kọ̀ọ̀kan kàn gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù ní ìgbọ̀nwọ́ kan nínú àpótí, kí ẹni tó bá gbé pákó sókè má baà fà á já kúrò lára kọ̀ǹpútà.